Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìpolówó ọjà

Iṣẹ́ tó máa ń múnú èèyàn dùn bíi ti ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kò pọ̀. Gbólóhùn tí ọ̀dọ́ kan kọ sórí ìwé ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Ajé lè di ohun tí àwọn ọmọdé ń kọ lórin ní Ìbàdàn kí oṣù tó parí. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, ẹnì kan náà lè ṣiṣẹ́ fún báńkì, fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti fún àwọn oníwàrà, kí ó sì mọ bí ọjà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tó ń rà á. Ayàwòrán, akọ̀wé, olórin àti oníkámẹ́rà ni ẹ ó máa bá jókòó lójoojúmọ́. Ẹ ó sì máa rí nǹkan kọ́ lára gbogbo wọn láìsan owó ilé ẹ̀kọ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ yìí kan náà ló ń lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ padà sílé pẹ̀lú ara ríro àti ọkàn tó bàjẹ́. Bí a bá wá ìdí rẹ̀, kì í sábà jẹ́ àìlẹ́bùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lórí ìwé ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu: iye ìgbà tí wọ́n máa tún iṣẹ́ ṣe, ẹni tó máa fọwọ́ sí i, ẹni tó ni ín, ìgbà tí òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fífọwọ́ sí ìwé àdéhùn láìkà á tán

Ilé iṣẹ́ tó ti gba àmì ẹ̀yẹ ní LAIF, ìdíje tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìpolówó ní Nàìjíríà, AAAN, máa ń ṣe, ó dájú pé á wu ọ̀dọ́ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí orúkọ náà dùn mọ́ èèyàn débi pé ó fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n fún un, tí kò sì tún ṣí i wò mọ́.

Ìdí tí èyí fi léwu ni pé òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Labour Act, kò ka ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin náà ń dáàbò bò. Designer (ẹni tó ń ṣètò àwòrán ìpolówó) àti copywriter (ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀) lè ṣubú síta òfin yẹn pátápátá. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dìde lórí ìkìlọ̀ ṣáájú ìlékúrò, lórí ìsinmi ọdún tàbí lórí iṣẹ́ òru, ìwé àdéhùn yín ló máa sọ ibi tí ẹ dúró sí. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀, àánú ni ẹ ó máa fi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ẹ wá nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé náà. Oṣù mélòó ni wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò, ṣé oṣù mẹ́ta ni tàbí mẹ́fà, ṣé owó oṣù sì kéré láàárín àkókò yẹn? Kí ni wọ́n máa ṣe fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ di aago mẹ́wàá alẹ́: ṣé wọ́n máa san owó ọkọ̀ rẹ̀ délé, ṣé ó lè pẹ́ dé lọ́jọ́ kejì? Ǹjẹ́ ẹ lè fi iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe han àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ó bá ti jáde? Ta ló ni ẹ̀tọ́ àwòkọ?

Ti ẹ̀tọ́ àwòkọ yìí gba àfiyèsí. Lábẹ́ òfin Copyright Act ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ yìí kò lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín lọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ìwé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe, tiwọn ni. Ó tọ́ kí wọ́n ní ohun tí ẹ ṣe fún wọn, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa bóyá wọ́n kọ ọ́ lọ́nà tó fi kan ìwé ìtàn tí ẹ ń kọ nílé tàbí àwòrán tí ẹ ti yà kí ẹ tó débẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìlà kan kún un tó yọ iṣẹ́ ara ẹni sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò ní kọ̀ bí ẹ bá sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì náà ń kọ́? Òfin Pension Reform Act ti 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá owó yìí: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ ilé iṣẹ́, ìdá 8 láti inú owó oṣù òṣìṣẹ́. Owó náà gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Bí oníbàárà bá pẹ́ kó tó sanwó fún ilé iṣẹ́, owó yìí wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi falẹ̀. Ẹ máa yẹ àkáǹtì RSA yín, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ń lọ.

Bíbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu

Bí a bá ní kí a mú àṣìṣe kan ṣoṣo tó ń jẹ àkókò àti ayọ̀ àwọn èèyàn jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, èyí la máa mú. Oníbàárà pe ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn wá sọ fún designer lẹ́nu ọ̀nà pé "Wọ́n fẹ́ nǹkan tó máa gbóná, ọjọ́ Ẹtì ni o." Designer jókòó, ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú oníbàárà, ó ní rédíò lòun ń sọ, òun ò sọ̀rọ̀ pátákó.

Brief, ìyẹn ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ tí oníbàárà fẹ́, bí ó bá pé, kò ju ojú ìwé kan lọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe "gbogbo ènìyàn", bí kò ṣe irú ẹni bí ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági tó sì ń fi fóònù gba owó. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹni náà gbà gbọ́. Bí ó bá di mẹ́ta, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 30 kò lè ru ẹrù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí ó ti máa jáde àti ìwọ̀n rẹ̀, iye owó tó wà nílẹ̀, ohun tó jẹ́ dandan kó wà níbẹ̀, bíi àmì ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí a fẹ́ rí i, àti orúkọ ẹni tó máa fọwọ́ sí i níkẹyìn. Orúkọ yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, òun sì ni ìdí tí iṣẹ́ tí máníjà ti fọwọ́ sí fi máa ń wó lulẹ̀ nígbà tí ọ̀gá àgbà bá rí i.

Bí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá bá ju yín lọ tàbí tó jẹ́ ọ̀gá yín, ẹ ò ní bá a jiyàn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìpàdé, láàárín wákàtí kan, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ohun tí a gbọ́ nípàdé òní nìyí: ìpolówó rédíò méjì, ọ̀kan ní Yorùbá, ọ̀kan ní Pijin, ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaja ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Ọjọ́rú la máa mú àbá wá. Ẹ jọ̀wọ́, bí a bá ṣì í gbọ́, ẹ bá wa tún un ṣe." Ìlà márùn-ún péré yìí ti dá ìjà tó pọ̀ dúró. WhatsApp dára fún ìránnilétí. Àmọ́ ẹ má fi í ṣe ibi ìpamọ́ ìpinnu, torí pé ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ẹ ò ní rí i mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Àtúnṣe tí kò lópin

Nínú àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé iṣẹ́ tó mètò máa ń gbà láti tún iṣẹ́ ṣe, kí ó tó di pé owó míì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n designer tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í sábà mọ iye náà, kò sì béèrè. Ẹnì kan láti ọ́fíìsì oníbàárà fi àtúnṣe ránṣẹ́ láàárọ̀, ẹlòmíràn fi òdì kejì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sàn-án, òun náà ń ṣe méjèèjì. Nígbà tó bá fi dé ẹ̀dà kẹsàn-án, iṣẹ́ tó dùn tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ rí mọ́.

Ẹ béèrè iye náà. Ẹ ní kí gbogbo àtúnṣe ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá, kí ó kó wọn jọ sínú ìwé kan. Kí ẹ̀yin náà ní àkọsílẹ̀ tó ní òpó mẹ́rin: ọjọ́, ẹni tó béèrè, ohun tó béèrè, wákàtí tó gbà. Òṣìṣẹ́ kékeré kò láṣẹ láti sọ pé kí oníbàárà san owó sí i, àmọ́ bí ẹ bá gbé àkọsílẹ̀ yìí fún ẹni tó ń bójú tó oníbàárà náà, òun á rí ohun tó máa fi bá wọn sọ̀rọ̀. Bí àkọsílẹ̀ kò bá sí, wọ́n á ní ọwọ́ yín ló lọ́ra.

Ẹ má sì gbé àbá kan ṣoṣo lọ. Mẹ́ta ló dára: ọ̀kan tó tẹ̀ lé brief tààrà, ọ̀kan tó jìnnà díẹ̀, ọ̀kan tí ẹ fẹ́ràn gan-an. Èyí tí ẹ kò gbàgbọ́, ẹ má fi kún un kí iye lè pé, torí pé òun gan-an ni wọ́n lè mú.

Lẹ́tà Yorùbá tó fọ́, àti àṣìṣe tó ń hàn lẹ́yìn ìtẹ̀wé

Ìpolówó tí wọ́n kọ ní Yorùbá ń pọ̀ sí i lójú títì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà tí kò lórí tàbí tí kò ní ẹsẹ̀ ń pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì ológe tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Èyí tó ní wọn pàápàá lè má mọ ibi tí àmì ohùn máa jókòó sí, nítorí pé nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ (U+1EB9) ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, wọ́n á wá gbé àmì òkè (U+0301) lé e. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà kò bá la ọ̀nà fún un, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó di àpótí òfìfo.

Kí ẹ tó fi fọ́ǹtì kankan han oníbàárà, ẹ tẹ ìlà yìí sínú rẹ̀: ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ Ẹ́ Ọ̀ Ṣ. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ wá òmíràn. Noto Sans, Noto Serif, Gentium àti Charis SIL kì í kùnà lórí èyí, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ẹ má fi ọwọ́ ya àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ o. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n lẹ́tà padà, àmì yẹn á dúró síbi tó wà. Ẹ fún ìlà láyè pẹ̀lú: bí lẹ́tà bá jẹ́ 40 point, kí àlàfo láti ìlà kan sí èkejì tó 52, kí àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè má baà gun àmì orí ìlà tó tẹ̀ lé e. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ yọ àmì kúrò nítorí ẹwà, ẹ fi hàn án pé ìpolówó ìdáàbòbò ọkọ̀ lè di ti ọkọ.

Kíkọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní àṣìṣe tirẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tán, wọ́n á wá ju ú fún ẹnì kan ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn pé kó tú u. Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ìṣẹ́jú àáyá 30, tí kò sábà ju nǹkan bíi ọ̀rọ̀ 75 lọ, máa ń kún àkúnya bí ó bá di Yorùbá. Olùkàwé á wá máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá gba brief lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù, kí ó kọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

Ní ti ìtẹ̀wé: àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù tó ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ RGB, ìyẹn àwọ̀ tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ṣe, íńkì kò sì lè ṣe é. Ẹ yí iṣẹ́ sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ íńkì mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oníbàárà má baà fọwọ́ sí àwọ̀ tí kò ní rí gbà. Ìwé pélébé gbọ́dọ̀ ní 300 dpi (iye àmì tó wà nínú íǹṣì kan), pẹ̀lú mìlímítà mẹ́ta tó yọ kọjá etí níhà gbogbo, torí pé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìwé ní Ṣómólú kì í bọ́ sójú kan náà lórí gbogbo ìwé. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó dúdú, íńkì dúdú nìkan ni kẹ́ ẹ lò fún un, ní ìdá 100. Bí ẹ bá fi íńkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pò ó, bí ẹ̀rọ bá yẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà á ní òjìji. Pátákó mítà mẹ́fà sí mẹ́ta, ẹ lè ṣe é ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 60 sí 30, ní 300 dpi. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ tán, 30 dpi ló máa kù, ó sì tó fún ẹni tó ń wò ó láti inú ọkọ̀. Ẹ yí gbogbo lẹ́tà sí outline, ìyẹn kí wọ́n di àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín, àmọ́ ẹ tọ́jú èyí tó ṣì ṣeé tún kọ.

Orúkọ fáìlì bíi "final_final2_tuntun" ti mú kí wọ́n tẹ ẹ̀dà àtijọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ lo ètò kan: ose_redio30_yor_v03_2025-06-14. Kí ẹ̀dà iṣẹ́ jẹ́ mẹ́ta, lórí irú ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má sì sí nínú ọ́fíìsì. Ẹ ṣètò kọ̀ǹpútà kí ó máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, torí iná tó lè lọ nígbàkigbà.

Gbígbàgbé ARCON

ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, tó rọ́pò APCON lábẹ́ òfin ọdún 2022, ní ìgbìmọ̀ kan, Advertising Standards Panel, tó gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ti oúnjẹ, oògùn àti ìpara, NAFDAC náà gbọ́dọ̀ fàṣẹ sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ti ra àyè lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá dá a padà, owó àyè ti wọlé lọ, designer ni yóò sì fi òru tún un ṣe. Ẹ ka ọjọ́ àyẹ̀wò mọ́ ètò iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá kọ "àkọ́kọ́" tàbí "èyí tó dára jù lọ", ẹ ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2022 ni ARCON ti fòfin de lílo àwòṣe (model) àti olóhùn ilẹ̀ òkèèrè nínú ìpolówó, nítorí náà àwòrán ojú àjèjì tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè dá iṣẹ́ náà dúró.

Pitch, àti ìfẹ́ àbá ẹni

Nígbà pitch, ilé iṣẹ́ mélòó kan máa ń dúpò fún iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan ló máa gbà á, àwọn tó kù kì í sì í sábà gba kọ́bọ̀. Kò sí ìgbà tí ara èèyàn máa ń yá gágá nínú iṣẹ́ yìí bíi ìgbà yẹn. Kò sì sí ìgbà tí ọkàn máa ń wó bíi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bí wọ́n bá pàdánù. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí ẹ ka ìpàdánù sí ìdájọ́ lórí ẹ̀bùn yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, iye owó tàbí ẹni tó mọ ẹni ló pinnu rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n béèrè ìdí lọ́wọ́ oníbàárà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sinmi lọ́jọ́ kan ó kéré tán.

Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ kò dáàbò bo èrò lásán. Ohun tí a ti kọ tàbí tí a ti yà nìkan ló ń dáàbò bò. Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ gba ìwé ìpamọ́ àṣírí kó tó lọ, kí ọjọ́ àti orúkọ wà lórí gbogbo ojú ìwé, kí wọ́n má sì fi fáìlì tó ṣeé tún ṣe sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì sanwó.

PP

Gbogbo wa la mọ̀ pé owó oṣù kì í tó, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì ń ṣe PP (private practice, iṣẹ́ tara ẹni) lẹ́yìn iṣẹ́. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ohun tó ń ba èèyàn jẹ́ ni kó ṣe é fún ọ̀tá oníbàárà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́: báńkì lọ́sàn-án, báńkì mìíràn lóru. Èkejì ni lílo kọ̀ǹpútà, fọ́ǹtì àti àwòrán tí ilé iṣẹ́ sanwó fún. Ìwé àṣẹ wọn kò bo iṣẹ́ ara yín, ilé iṣẹ́ sì lè fìyẹn sọ pé tòun ni ohun tí ẹ ṣe. Ẹ ka ohun tí àdéhùn sọ, kí ẹ lo irinṣẹ́ tiyín, kí ẹ sì gba ìdajì owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Fífi àìsùn ṣe ẹ̀rí ìfẹ́ iṣẹ́

Òru kan nítorí pitch kò pa ẹnikẹ́ni. Òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ètò tó bàjẹ́ ni, òṣìṣẹ́ sì ni wọ́n ń fi ara rẹ̀ san gbèsè ètò náà. Iṣẹ́ tí ojú oorun ṣe ni wọ́n ń padà tún ṣe láàárọ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé kí ló gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tuntun wá, ẹ béèrè èyí tí ẹ máa sún síwájú nínú èyí tó wà nílẹ̀: "Sà, báńkì ni kí n kọ́kọ́ ṣe ni, àbí ọṣẹ?" Ìbéèrè yìí kò lárífín nínú, ó sì ń mú kí ọ̀gá rí ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rò pé iṣẹ́ kan máa gba wákàtí mẹ́fà, ẹ pe é ní mẹ́jọ. Ní ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ohun tó wà ní ogún ẹsẹ̀ bàtà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Bí ẹ bá ń lọ

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má da fáìlì ilé iṣẹ́ sínú ohun ìpamọ́ tiyín, ẹ má sì pa èyíkéyìí rẹ́. Ẹ to gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sójú ìwé kan: ibi tó dé, ibi tí fáìlì rẹ̀ wà, ẹni tí à ń retí ìdáhùn rẹ̀. Ẹ fi ìwé náà lé ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́wọ́, kí ó fọwọ́ sí i. Ẹ gba lẹ́tà tó jẹ́rìí sí àkókò tí ẹ lò níbẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá owó inú RSA pé títí dé oṣù tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ máa fi han àwọn tó bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́, pẹ̀lú ipa tí ẹ kó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá tó láṣẹ buwọ́ lù ú. Iṣẹ́ tí kò tíì jáde kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín.